Kò Ṣu, Kò Só, Inú Ń Wú: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ìfun Tó Dí

Wọ́ọ̀dù àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí làwọn aláìsàn àtàwọn ẹbí wọn máa ń bi wá jù. Mi ò tò ó bí ìwé dókítà o, bí wọ́n ṣe ń bi wá náà ni mo ṣe kọ ọ́. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan wà nílé yín báyìí tó ń bì, tí inú ẹ̀ wú, tí kò yàgbẹ́ tí kò sì só látàná, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù tó ní dókítà oníṣẹ́ abẹ ná, ẹ lè ka ìyókù lójú ọ̀nà.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ikùn gan-an tí wọ́n bá ní ìfun ẹnì kan dí?

Oúnjẹ tó bá ti kúrò ní agbẹ̀du, ìfun kékeré ló máa gbà, èyí tó gùn tó bíi mítà 6 lára àgbàlagbà, kó tó bọ́ sínú ìfun ńlá tí kò ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Kì í sì í ṣe oúnjẹ nìkan ló ń gba ibẹ̀. Itọ́ wà níbẹ̀, omi agbẹ̀du wà níbẹ̀, òróòro wà níbẹ̀, ìfun fúnra ẹ̀ náà ń tú omi jáde, tẹ́ ẹ bá pa gbogbo ẹ̀ pọ̀ mọ́ èyí tá à ń mu, ó ń lọ bíi lítà 8 sí 9 lójúmọ́, ara á wá fa èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ padà. Tí ibì kan bá dí, gbogbo omi yẹn á dúró sẹ́yìn ibẹ̀ tòun ti afẹ́fẹ́, ìfun á máa fẹ̀, á sì máa fún ara ẹ̀ láti fi ti nǹkan kọjá, fífún yẹn lẹ ń gbọ́ tí wọ́n ń pariwo pé inú ń lọ́ àwọn. Nígbà tí ìsàlẹ̀ ò ṣí, òkè ló máa gbà jáde. Omi tó ń bì àti omi tó dúró sínú ìfun, ara ò rí méjèèjì lò, ẹni náà á gbẹ, ìtọ̀ ẹ̀ á dínkù, kíndìnrín á bẹ̀rẹ̀ sí í jìyà, kódà kí ìfun fúnra ẹ̀ tó bàjẹ́.

Irú kan tún wà tí nǹkan kan ò dí i, ìfun ló kàn dákẹ́ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. A máa ń rí i lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tàbí tí ikùn bá kó kòkòrò, tàbí tí pọtásíọ̀mù bá lọ sílẹ̀ lára. Ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ń lọ́ni nínú, wíwú ló ń wú, ìtọ́jú ẹ̀ sì yàtọ̀.

Báwo lèmi tí mi ò kàwé dókítà á ṣe mọ̀ pé èyí kì í ṣe àìrígbẹ́yà lásán?

Ẹ bi í bóyá ó ń só. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ìgbẹ́ ẹ̀ kàn gbẹ tí kò yàgbẹ́ fọ́jọ́ mẹ́ta, ó ṣì ń só, ó ṣì ń jẹun, inú ẹ̀ lè há mọ́ ọn àmọ́ kì í bì. Ẹni tí ìfun ẹ̀ dí pátápátá, kò ṣu, kò só, ó ń bì, inú ẹ̀ ń wú, ìrora ẹ̀ á máa dé á máa lọ bí ìrọbí, tó bá dé á ká a mọ́lẹ̀, tó bá lọ á ní òun ti gbádùn, kí ẹ tó mí sí i ó tún ti dé.

Gbogbo ẹ̀ lè má pé lẹ́ẹ̀kan náà o. Tó bá jẹ́ òkè lọ́hùn-ún nítòsí agbẹ̀du ló ti dí, èébì ló máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, inú lè má wú, ó tiẹ̀ tún lè yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì torí pé èyí tó wà nísàlẹ̀ ibi tó dí ló ń jáde. Tó bá jẹ́ ìfun ńlá, wíwú ló máa ń ṣáájú, èébì lè má dé rárá títí ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta. Ìdí nìyẹn tí mi kì í gbà á tí wọ́n bá ní "Nọ́ọ̀sì, ó yàgbẹ́ láàárọ̀ yìí o, kò lè jẹ́ pé ó dí."

Èyí tó ń já wa láyà ni ìrora tó ń wá tó ń lọ tẹ́lẹ̀ tó wá dúró síbẹ̀ tí kò lọ mọ́, tí ara gbóná, tí ọkàn ń sáré, tí ikùn le tí kò jẹ́ ká fọwọ́ kàn án. Ó ṣeé ṣe kẹ́jẹ̀ má dé ìfun yẹn mọ́, láàárín wákàtí mélòó kan ni ìfun lè kú sínú. Ẹ tún ṣọ́ra fún ẹni tí ìrora ẹ̀ dédé lọ tí òun fúnra ẹ̀ sì túbọ̀ ń rẹ̀ sí i, tó ń làágùn, tọ́wọ́ ẹ̀ tutù. Àwọn ará ilé á máa dúpẹ́ pé ó ti rọlẹ̀, ìfun lè ti lu.

Màmá wa ń bì nǹkan aláwọ̀ ewé, ẹ̀gbọ́n wọn ní wọ́n ti fún wọn ní májèlé jẹ, ká fún wọn ní epo pupa mu. Ṣé ká fún wọn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún wọn. Òróòro ni aláwọ̀ ewé yẹn, ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, gbogbo wa la ní in nínú. Bó ṣe máa ń lọ ni pé oúnjẹ ló máa kọ́kọ́ jáde, tí oúnjẹ bá tán á kan òróòro, tó bá wá pẹ́ nílé, èébì á dúdú á sì máa rùn bí ìgbẹ́. Ìgbà tó bá dé ibi tó ń rùn yẹn làwọn èèyàn máa ń sọ pé ayé ti ṣe é. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí nǹkan tó gbà gbọ́, ẹ máa gbàdúrà yín nínú mọ́tò, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Epo yẹn ni mi ò fẹ́. Ẹni tí inú ẹ̀ ti kún dé ọ̀fun, tẹ́ ẹ bá tún ń da epo sí i lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn di méjì nìyẹn.

Ṣé a ò lè kọ́kọ́ fún un ní oògùn ìfọnú tàbí àgbo jẹ̀dí, bóyá á ṣí?

Tó bá jẹ́ àìrígbẹ́yà lásán, oògùn ìfọnú máa ń ṣiṣẹ́, mi ò jiyàn ẹ̀. Asùnwọ̀n táwọn ìyá alágbo ń tà, ẹbí ewé tí wọ́n ti ń rí sẹ́nà tó wà nínú oògùn oníhóró ní kẹ́mísìtì ni. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó máa ń mú kí ìfun fún ara ẹ̀ kíkankíkan, àwọn oògùn ìfọnú míì sì máa ń fa omi wá sínú ẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀ tí ọ̀nà bá ṣí. Tí ọ̀nà bá dí ńkọ́? Ìfun tó ti fẹ̀ dé góńgó lẹ tún ń lé eré sí i, tẹ́ ẹ tún ń bu omi sí i. Ó lè bẹ́. Kò sì séwé kan tó lè tú ìfun tó lọ́, kò séyìí tó lè fa ìfun tó há sínú ìpá jáde.

Ìtàn tá a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó pẹ́ nílé ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ọjọ́ kìíní, wọ́n lọ ra Flagyl. Ọjọ́ kejì, ìyá alágbo po jẹ̀dí sínú ike, ó ní kó mu ún ní tọmbílà kan láàárọ̀, kan lálẹ́. Ọjọ́ kẹta, aládùúgbò kan tó mọ̀ ọ́n ṣe wá fún un ní ènímà olómi ọṣẹ, ìyẹn omi tí wọ́n ń fà gba ìdí wọlé, omi yẹn jáde bó ṣe wọlé, wọ́n ní "ó ti ń ṣí." Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n tó gbé e dé, ahọ́n ẹ̀ ti gbẹ bí pákó, ìtọ̀ tá a rí fà ò ju díẹ̀ lọ, ó sì ti dúdú bíi tíì. Kò sẹ́ni tó ṣìkà nínú gbogbo wọn o, ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe gbogbo ẹ̀, àmọ́ ọjọ́ mẹ́ta yẹn gan-an ló ń yí iṣẹ́ abẹ kékeré padà sí èyí tí wọ́n á ti gé ìfun.

Torí náà, tẹ́ ẹ bá fura: kò gbọdọ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ mu, kò sí àgbo, kò sí ìfọnú, ẹ máa lọ. Tí wọ́n bá sì ti fún un ní àgbo kẹ́ ẹ tó dé, ẹ sọ ọ́. A ò ní bú yín. Ẹ tún sọ iṣẹ́ abẹ tó bá ti ṣe rí, kódà kó jẹ́ ogún ọdún sẹ́yìn.

Bàbá mi ti ní ìpá tipẹ́, kì í dùn wọ́n, wọ́n kàn máa ń tì í padà ni. Ṣé dandan ni kí wọ́n ṣe é?

Èyí lèmi máa fẹ́ kí gbogbo èèyàn kà, torí ìpá tó há wà lára àwọn nǹkan tó ń fa ìfun dídí jù lọ lọ́dọ̀ wa, ó sì wà lára èyí tó rọrùn jù láti dènà.

Hẹ́níà, èyí táwọn àgbà ń pè ní ìpá, ibi kan lára ògiri ikùn ló rọ̀ tí ìfun wá ń gba ibẹ̀ yọ, sí ibi tí itan ti pàdé ikùn, tàbí kó sọ̀ kalẹ̀ wọ ẹpọ̀n. Tí bàbá bá dùbúlẹ̀ ó wọlé, tí wọ́n bá wúkọ́ tàbí gbé nǹkan tó wúwo ó jáde, ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kan ṣá, ó máa jáde, kò ní wọlé mọ́. Ẹnu ibi tó gbà jáde á fún un lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ ṣòro láti jáde, ìfun á wú, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè wọlé mọ́, bó ṣe ń kú nìyẹn. Ibẹ̀ á le, á máa dùn tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, bàbá á bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Wákàtí la fi ń ka èyí, a kì í fi ọjọ́ kà á. Ẹ má jókòó ti ìpá tó ń dunni kẹ́ ẹ máa fi tipátipá tì í wọlé, ẹ lè ti ìfun tó ti kú padà sínú ikùn.

Tó bá jẹ́ pé ẹ wá fúnra yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ yàn, iṣẹ́ abẹ kékeré ni, ibi tí wọ́n fẹ́ gé nìkan ni wọ́n lè kùn lóògùn fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹlòmíì á sùn sílé ara ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Tó bá jẹ́ òru tó ti há, oorun àsùnwọra ni, dírípù, ẹ̀jẹ̀, wọ́n lè gé ìfun, owó ẹ̀ á sì fò lọ sókè. Ohun tó ń dá àwọn bàbá dúró jù ni ìtìjú, wọn ò fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn mọ̀ pé ẹpọ̀n wọn wú. Ẹ jẹ́ kí ọmọkùnrin bá wọn sọ ọ́ tàbí ọ̀rẹ́ wọn tó ti ṣe é.

Àwọn obìnrin náà ń ní in. Tàwọn ìyá àgbà lè jẹ́ kókó kékeré lásán nísàlẹ̀ ibi tí itan ti bẹ̀rẹ̀, tí wọn ò tiẹ̀ kà sí nǹkan kan, irú ìyẹn sì yára há ju tọkùnrin lọ. Ti ìdodo náà wà. Caroline, ìyàwó Ọba George Kejì ní Ìlú Ọba, àtìgbà tó ti bí àbígbẹ̀yìn ẹ̀ ló ti ní ti ìdodo, ó fi pa mọ́ fún gbogbo èèyàn, 1737 ló há mọ́ ọn lọ́wọ́, òun náà ló sì pa á. Olorì ni o, tòun ti gbogbo dókítà ààfin.

Ìdodo ọmọdé tó yọ síta yàtọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ máa ń padà fúnra ẹ̀ kọ́mọ tó pé ọdún 5, ẹ má dè kọ́ìnì mọ́ ọn, kò ṣe nǹkan kan. Àmọ́ tí ti ọmọdé bá wà níbi itan tàbí nínú ẹpọ̀n, ìyẹn ò ní lọ fúnra ẹ̀, ẹ má dúró kó dàgbà.

Mo ti ṣe CS lẹ́ẹ̀mejì, mo sì tún yọ ìju. Wọ́n ní ìyẹn náà lè dí ìfun?

Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ti la ikùn rí, àpá inú lè mú kí ìfun lẹ̀ mọ́ra tàbí lẹ̀ mọ́ ara ògiri ikùn, ibì kan lè ká kọ́rọ́ níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan tàbí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Púpọ̀ àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ ò ní rí i láéláé, torí náà ẹ má torí ẹ̀ sá fún CS tí dókítà bá ní kẹ́ ẹ ṣe. Nǹkan tó dáa nípa irú èyí ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀ máa ń tú fúnra ẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta pẹ̀lú dírípù àti rọ́bà imú (èyí tó ń gba imú wọ agbẹ̀du láti fa omi jáde), láìlo ọ̀bẹ, tí kò bá ti sí àmì pé ìfun ń kú. Ọsibítù ló ti ń tú o, kì í ṣe ilé.

Kí ni wọ́n ń pè ní ìfun tó lọ́?

Apá ìfun ńlá tó wà lápá òsì nísàlẹ̀ máa ń gùn jù lára àwọn kan, ó lè yí po ara ẹ̀. Àwọn àgbàlagbà ọkùnrin la máa ń rí i lára wọn jù lọ́dọ̀ tiwa, ikùn wọn á wú gbòǹgbò láàárín ọjọ́ kan, apá kan á ga ju èkejì lọ. Tí ìfun ò bá tíì kú, dókítà lè ti rọ́bà gba ìdí wọlé kó tú u, ẹ̀ẹ́ gbọ́ bí afẹ́fẹ́ á ṣe tú jáde, àwa tá a dúró nítòsí sì mọ̀ pé ká sún sẹ́yìn. Àmọ́ ó máa ń tún lọ́, torí náà wọ́n á ṣì dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún un.

Ọmọ mi ọmọ oṣù mẹ́fà kàn dédé ń ké, á ká ẹsẹ̀ mọ́ra, á tún dákẹ́. Ìyá ọkọ mi ní eyín ló fẹ́ hù. Ìgbẹ́ tó yà láàárọ̀ ní ẹ̀jẹ̀.

Ẹ dìde báyìí. Eyín kì í mú ọmọ ya ẹ̀jẹ̀.

Ohun tí àwọn dókítà máa kọ́kọ́ rò ni pé ìfun wọnú ìfun, apá kan sún wọ inú apá tó wà níwájú ẹ̀. Àwọn ọmọ láti oṣù mẹ́ta sí ọdún méjì ló pọ̀ jù lára wọn, àgàgà láàárín oṣù 4 sí oṣù 10. Ọmọ tó ń ṣeré tẹ́lẹ̀ á ké lójijì, á fa orúnkún mọ́ ikùn, ojú ẹ̀ á funfun, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ á dákẹ́, nígbà tó bá yá á tún bẹ̀rẹ̀. Láàárín ẹ̀, á kàn rọ jọwọrọ, kò ní fẹ́ mú ọmú. Wàrà ló máa kọ́kọ́ bì, tó bá yá á di aláwọ̀ ewé. Ìgbẹ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ tó yọ̀ mọ́ nǹkan tó ń fà yẹn, ìgbẹ́ ọ̀rìn ni wọ́n sábà máa ń pè é ní kẹ́mísìtì, wọ́n á fún un ní Flagyl olómi, ọjọ́ kan á lọ, ọjọ́ méjì á lọ. Ẹ̀jẹ̀ sì lè má tíì sí níbẹ̀rẹ̀, torí náà ẹ má dúró dè é.

Tẹ́ ẹ bá tètè dé, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tiẹ̀ lo ọ̀bẹ: wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ tàbí omi gba ìdí wọlé díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa wò ó nínú scan tàbí X-ray bó ṣe ń ti ìfun yẹn padà. Kì í ṣe ènímà ilé rárá o, ibi tí dókítà oníṣẹ́ abẹ ọmọdé ti dúró ní sẹpẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe é. Bíi ọmọ kan nínú mẹ́wàá ló tún lè padà ní in lẹ́yìn tí wọ́n bá tì í padà báyẹn, ẹ máa ṣọ́ ọ tẹ́ ẹ bá délé. Tẹ́ ẹ bá pẹ́, wọ́n á là á, wọ́n lè gé lára ẹ̀.

Mo gbọ́ pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń fa èyí. Ṣé kí n má gba rota, àjẹsára tó ń dènà ìgbẹ́ gbuuru, fún ọmọ mi?

Ó níbi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Àjẹsára rota àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1998, RotaShield, wọ́n rí i pé ìfun wọnú ìfun pọ̀ sí i lára àwọn ọmọ tó gbà á, ọdún 1999 ni wọ́n ti kó o kúrò lọ́jà. Àwọn tí wọ́n ń lò báyìí yàtọ̀ sí i. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè méje nílẹ̀ Áfíríkà lórí Rotarix, ọ̀kan lára àwọn tuntun yìí, ò rí i pé ó mú un pọ̀ sí i, láwọn ìlú òyìnbó kan wọ́n rí ewu tó kéré gan-an. Ọdún 2022 ni Nàìjíríà fi rota kún àjẹsára ọmọdé. Ẹnu ni wọ́n ń kán an sí, kì í ṣe abẹ́rẹ́, ìgbẹ́ gbuuru tó ń dènà sì ń pa ọmọ ju ohun tẹ́ ẹ̀ ń bẹ̀rù lọ. Ẹ gbà á fún un lásìkò tí wọ́n bá dá fún yín.

Ọmọ tuntun wa ò tíì yàgbẹ́ láti àná tí wọ́n ti bí i.

Ọmọ tí oṣù ẹ̀ pé, ìgbẹ́ dúdú àkọ́kọ́ yẹn máa ń jáde láàárín wákàtí 24 lára èyí tó pọ̀ jù, tó bá ti lé ní wákàtí 48, ẹ má gbé e sílé mọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo ìdí ẹ̀ bóyá ihò wà níbẹ̀, nítòótọ́ ni mo sọ ọ́, a ti rí ọmọ tí wọ́n ti wẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà tẹ́nì kankan ò kíyè sí i. Àìsàn kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Hirschsprung, orúkọ dókítà ará Denmark tó ṣàlàyé ẹ̀ lọ́dún 1886 ni, apá ìsàlẹ̀ ìfun ńlá ni kò ní iṣan tó ń pàṣẹ fún un kó ṣiṣẹ́, bíi ọmọ kan nínú 5,000 ló ń ní in, ọkùnrin ló sì pọ̀ jù. Àwọn kan ò ní tètè mọ̀, ọmọ á máa dàgbà tòun ti ikùn ńlá, wọ́n á máa fún un ní ìfọnú lóṣooṣù.

Ọmọ tuntun tó bá bì aláwọ̀ ewé, ọsibítù tààrà, kò sí àlàyé míì. Ti ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà tó ń bì wàrà lásán, tó ń ta jáde fìn-ín dé ọ̀ọ́kán, tó sì ń fẹ́ ọmú padà lójú ẹsẹ̀, ẹnu ọ̀nà agbẹ̀du ló lè ti fún, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń tún un ṣe ò le.

Ṣé kóró àgbálùmọ̀ tàbí ṣingọ́ọ̀mù lè dí ìfun? Kóró gúáfà ńkọ́?

Èyí tọ́mọ bá ṣèèṣì gbé mì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan máa bá ìgbẹ́ jáde, ẹ má lu ọmọ. Tó bá jẹ́ pé ó ń gbé kóró mì lọ́pọ̀ yanturu, ó lè kó jọ sí ìdí kó le gan-an. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù ni bátìrì pẹlẹbẹ inú aago àti rìmóòtù, tó bá há sí ọ̀nà ọ̀fun, láàárín wákàtí méjì ló ti lè jó ibẹ̀, àti mágínẹ́ẹ̀tì, tó bá ju ẹyọ kan lọ wọ́n á fa ara wọn mọ́ra láti inú ìfun méjì, wọ́n á sì lu ìfun. Aràn gbọọrọ náà lè ta kókó jọ nínú ọmọdé kó dí ìfun ẹ̀, torí náà oògùn aràn tí wọ́n ń pín níléèwé, ẹ jẹ́ kí wọ́n lò ó.

Mo ní ulcer, ní báyìí mo máa ń bì oúnjẹ àná.

Ọgbẹ́ inú tó bá ti pẹ́ lè dá àpá sí ẹnu ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà kúrò ní agbẹ̀du, ọ̀nà á wá fún. Ẹ̀wà tẹ́ ẹ jẹ lálẹ́ àná ló ń jáde láàárọ̀ yìí bẹ́ ẹ ṣe jẹ ẹ́, ẹ̀ ń rù, tẹ́ ẹ bá mi ara yín ẹ̀ ń gbọ́ omi nínú ikùn. Ẹ lọ ṣe endoscopy, ìyẹn rọ́bà tó ní kámẹ́rà tí wọ́n ń tì gba ẹnu wọ agbẹ̀du láti wo inú ẹ̀, torí jẹjẹrẹ agbẹ̀du náà máa ń ṣe báyẹn. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní H. pylori ló ń fa púpọ̀ nínú ulcer, Barry Marshall àti Robin Warren ará Australia gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2005 torí pé àwọn ni wọ́n rí i, oògùn tó ń pa á sì wà. Kì í ṣe ebi lásán ló ń fa ulcer bí wọ́n ṣe ń sọ. Oògùn ìrora bí ibuprofen àti diclofenac náà ń fà á.

Ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ mi jáde, wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kí n má jẹ ṣúgà mọ́.

Ó lè jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí lóòótọ́. Ṣúgà kọ́ ló ń fà á. Ó tún lè jẹ́ jẹjẹrẹ ìfun ńlá, ojú lásán ò sì lè mọ èyí tó jẹ́. Tí ìgbẹ́ yín bá ti yí padà, tó ń tín-ín-rín, tẹ́ ẹ̀ ń yà á lónìí tẹ́ ẹ ò yà lọ́la, tẹ́ ẹ̀ ń rù, tẹ́jẹ̀ ò tó lára, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa àgbo tì. Chadwick Boseman tó ṣe Black Panther, ọmọ ọdún 43 ló wà tí jẹjẹrẹ ìfun ńlá pa á ní 2020, torí náà ẹ má sọ pé àgbà nìkan ló ń ṣe. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 45 ni wọ́n ní kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò, ní England NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, máa ń fi ohun tẹ́ ẹ máa fi gba ìgbẹ́ ránṣẹ́ sílé fẹ́ni tó ti pé 50. Mo mọ àwọn èèyàn wa níbẹ̀ tó jẹ́ pé inú dúrọ́ọ̀ ni wọ́n jù ú sí.

Ibà jẹ̀fun-jẹ̀fun ńkọ́?

Ìyẹn kì í sábà dí ìfun, ó máa ń lu ú ni, ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta àìsàn, àwọn ọmọdé ló ń ṣe jù. Tí ọmọ tó ti ń ṣe ibà bá dédé ní ikùn ń dun òun tí ikùn sì le, iṣẹ́ abẹ ló kù.

Kí ni wọ́n máa ṣe fún un tá a bá dé ọsibítù?

Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ sí i lọ́wọ́, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á so omi, wọ́n á fi rọ́bà sí ojú ara kí wọ́n lè máa wọn ìtọ̀. Lẹ́yìn náà ni rọ́bà imú, èyí tí gbogbo èèyàn ń sá fún. Ó máa ń gba imú wọlé dé agbẹ̀du. Tí nọ́ọ̀sì bá ní kẹ́ ẹ máa gbé itọ́ mì, ẹ máa gbé e mì, ẹ tẹ àgbọ̀n síwájú, ẹ má fa orí sẹ́yìn, ojú á ṣomi díẹ̀, kò sì ní pẹ́. Bó bá ṣe wọlé báyìí lẹ máa rí omi aláwọ̀ ewé tó máa tú sínú báàgì tí wọ́n so sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó lè ju lítà kan lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹni tí ò lè sùn látàná á wá mí kanlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó fà á yọ lóru o, wọ́n máa ń fẹ́ fà á yọ. Ẹ má sì ní kí wọ́n tún fi omi tútù bọ̀ ọ́ lẹ́nu lẹ́yìn wa.

Wọ́n á ya X-ray, ní ìdúró àti ní ìdùbúlẹ̀, níbi tó bá ti wà wọ́n á ṣe CT scan. Ẹni tí ìfun ẹ̀ ń kú tàbí tó ti lu, tàbí tí ìpá ẹ̀ há, ó máa lọ sí tíátà. Nígbà míì wọ́n á fa ẹnu ìfun síta lára ikùn kó máa yàgbẹ́ sínú báàgì, èyí máa ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé, àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni wọ́n máa dá padà lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ẹ bi dókítà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ̀tọ́ yín ni.

Lórí owó, òfin ọdún 2022 ti sọ ọ́ di dandan kí gbogbo èèyàn ní ìnṣọ́ránsì ìlera ní Nàìjíríà, ẹ̀yin náà mọ̀ bó ṣe rí. Tẹ́ ẹ bá ní in, ẹ mú káàdì yín dání. Tẹ́ ẹ ò bá ní, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n pe òṣìṣẹ́ tó ń ran aláìlówó lọ́wọ́, àwọn ọsibítù ńlá máa ń ní in.

Kí ló dé tí àwọn dókítà máa ń bi bàbá mi láràárọ̀ pé ṣé wọ́n ti só?

Torí pé òun ló ń sọ fún wa pé ìfun ti jí. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìfun ńlá ló máa ń pẹ́ jù kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin. Ìṣòro ẹ̀ ni pé dókítà ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ló dúró síwájú bàbá àgbà tòun ti àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ méje, tó ń bi wọ́n bóyá wọ́n ti só, bàbá á wojú mi, wọ́n á ní "rárá." Tí gbogbo wọn bá ti lọ tán, wọ́n á fọwọ́ pè mí: "Nọ́ọ̀sì, ó ti wá lóru àná o, ẹ̀ẹ̀mejì." A ti wá fi ebi pa wọ́n dọ̀la lásán nìyẹn! Ẹ bá wa sọ fún wọn nílé kí wọ́n tó wá pé ìròyìn ayọ̀ ni lọ́dọ̀ tiwa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tètè dìde rìn, ìrìn máa ń ràn án lọ́wọ́.

Tá a bá ti délé ńkọ́, kí ni ká fún un jẹ?

Èyí tí dókítà bá kọ sílẹ̀ ni ẹ tẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ ìgbà, díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ̀kọ, ọbẹ̀ ẹja, ìrẹsì rírọ̀, àmàlà pẹ̀lú ewédú, kí ó máa jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́ dípò ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kó máa jẹ ẹ́ lẹ́nu dáadáa. Ẹni tí ìfun ẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ra lè ní láti dín ìyàngbò ọsàn àti ẹran tó le kù. Omi kó pọ̀. Oògùn ìrora tó ní kodíìnì tàbí tramadol máa ń mú ìgbẹ́ gbẹ, oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún dókítà tí ọjọ́ méjì bá lọ láìyàgbẹ́. Tí èébì bá sì tún bẹ̀rẹ̀, tí inú tún ń wú, tí ìsó tún dáwọ́ dúró, ẹ padà wá lọ́jọ́ yẹn, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín lórí káàdì. Ní Nàìjíríà 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì, 999 ní Ìlú Ọba, 911 ní Amẹ́ríkà.